Ìgbà Kẹrin Tí Ọ̀gá Silas Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín pé ẹnikẹ́ni kò lé Ọ̀gá Silas Adédàpọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ó parọ́ mọ́ àwa Yorùbá Kaduna. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi lọ, níṣojú gbogbo wa, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan lọ́dún 2019. Orí bẹ́ńṣì kẹta lọ́wọ́ ọ̀tún ni mo jókòó sí. Ohun tí n kò fojú rí nínú ìtàn yìí, wọ́n sọ ọ́ fún mi. Ohun tí wọn kò sì sọ fún mi, mo mọ̀ ọ́n, torí mo mọ Silas.

Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá Kaduna ló ni ilé-ìwé tí Silas ti ṣe ọ̀gá. Àwọn bàbá wa ló kọ́ ọ sí Tudun Wada, kò jìnnà sí ọjà Kasuwan Barci, kí ọmọ Yorùbá tó bá dàgbà sí Òkè Ọya lè mọ ìwé kó sì mọ ilé. Lónìí, ọmọ gbogbo ẹ̀yà ló wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ló ń yan ọ̀gá, ẹgbẹ́ ló sì lè ní kó máa lọ. Silas mọ èyí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti gbàgbé.

Hẹdimásítà lásán ni wọ́n gbà á sí. Lẹ́yìn náà ló lọ ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, wọ́n fún un ní míìtì-páì àti ìwé ẹ̀rí, ó sì padà dé bí Olùdarí Àgbà. Ó ní kí káfíńtà kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀: OLÙDARÍ ÀGBÀ, ATỌ́NISỌ́NÀ, BÀBÁ ÌBÁWÍ ÒDE-ÒNÍ. Káfíńtà wọn ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò ní gbà síbẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹlòmíràn ì bá dín ọ̀rọ̀ kù. Silas ní kí wọ́n fẹ ilẹ̀kùn.

Láràárọ̀, tí mọ́tò rẹ̀ bá ti yọ, máí-gádì á kígbe pé "Ranka ya dade," kí ẹ̀mí ọ̀gá gùn, àwọn olùkọ́ á sì tò sí ọ̀nà méjì. Ẹnì kan á gba báàgì, ẹnì kan á gba fúláàsìkì, ẹnì kan á gba ìwé ìròyìn tí kò kà rí. Ìkíni yìí ń gba ogún ìṣẹ́jú. Ní gbogbo àsìkò náà, àwọn ọmọ wà nínú kíláàsì láìsí olùkọ́, wọ́n ń ju ṣọ́ọ̀kì lura wọn.

Nínú àwọn tó máa ń tò bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Moyinọlá, olùkọ́ pírámárì kẹrin. Ọmọ méjìléláàádọ́rin ló wà ní kíláàsì rẹ̀, ọmọ mẹ́ta-mẹ́ta lórí bẹ́ńṣì ẹni méjì. Ó ń kọ́ wọn ní gbogbo iṣẹ́, ó ń máàkì ìwé gbogbo wọn, ó ń pe rẹ́jísítà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Lẹ́yìn èyí ni Silas tún pàṣẹ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí olùkọ́ máa kọ lẹ́sìn-nóòtù kan ṣoṣo: báírò búlúù fún olùkọ́, báírò dúdú fún ọ́fíìsì, báírò pupa fún ìran tí ń bọ̀. Mo wádìí ibi tí ti ìran tí ń bọ̀ ń lọ. Ìyàwó Silas ló fi ń dáná.

Ó tún kó àga kúrò ní gbogbo kíláàsì. Ó ní olùkọ́ tó bá ti jókòó, ilé ló ń rò.

Nígbà tí ìráhùn bẹ̀rẹ̀ sí í dé etí rẹ̀, ó kó àwọn olùkọ́ jọ lẹ́yìn tí wọ́n ti jáde, nínú oòrùn, lórí ìdúró, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì gbáko. Àkòrí ọ̀rọ̀ náà ni "Ìsinmi àti Pàtàkì Rẹ̀."

"Ẹ̀yin ọmọ ogun mi," ló wí, "mo gbọ́ pé àwọn kan ń sọ pé ó rẹ àwọn. Kí ló ń jẹ́ rírẹ̀? Ṣé ó ń rẹ èmi? Èmi tí mo ń ro èrò gbogbo yín pọ̀ sínú orí kan ṣoṣo yìí? Iṣẹ́ kì í pani, ìṣẹ́ ní í pani. Láti ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, 'ó rẹ̀ mí' ti di èèwọ̀ nínú ọgbà yìí. Ẹni tó bá wí i yóò kọ lẹ́tà sí mi, yóò ṣàlàyé ibi tí agbára tí mo rí lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbà á síṣẹ́ gbà lọ."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí ìpàtẹ́wọ́ wà nínú ètò. Láti ọjọ́ náà, tí ẹ bá bi Àlájà Rashidat, igbákejì rẹ̀, pé báwo ni ara, ìdáhùn tí ẹ máa gbọ́ ni: "A dúpẹ́, a ò tíì kọ lẹ́tà."

Ó yẹ kí n ṣàlàyé àṣà kan báyìí, kí àlejò má baà sọnù. Nínú ẹgbẹ́ wa, tí inú bá bí olóyè, á dìde, á ní òun fi ipò sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kà á sí. A óò bẹ̀ ẹ́: ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, á kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á gbà lẹ́ẹ̀kẹrin, a óò rẹ́rìn-ín, a óò sì máa bá ìpàdé lọ. Àṣà tó dára ni, ó ń jẹ́ kí inú àgbà rọ̀. Ṣùgbọ́n Silas sọ ọ́ di oko, ó ń lọ kórè níbẹ̀. Nígbà tí ẹgbẹ́ béèrè ìdí tí òrùlé fi ń jò, ó kó kọ́kọ́rọ́ lé tábìlì, ó ní òun lọ. A bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi gba àga oníyìíyípo. Nígbà tí a béèrè ìdí tí èsì ìdánwò fi pẹ́, ó tún lọ. A fi èásì bẹ̀ ẹ́ padà, ẹ̀rọ tí ń tu ọ́fíìsì rẹ̀ lára nígbà tí òógùn ń bo àwọn ọmọ. Ìgbà kẹta ló burú jù. Nígbà náà ni a gbà fún un pé òun nìkan ni kó máa fọwọ́ sí ìsinmi olùkọ́, kí igbákejì rẹ̀ má dá sí i mọ́. Àwa la fọwọ́ ara wa ṣe é, n kò ní parọ́.

Orúnkún àwọn àgbà ẹgbẹ́ kò tiẹ̀ gba ìkúnlẹ̀ mọ́, ni Silas bá gbé iṣẹ́ ẹ̀bẹ̀ fún àwọn olùkọ́. Ó lẹ ìwé kan mọ́ ògiri yàrá wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ẹ̀kọ́: ÈTÒ Ẹ̀BẸ̀. Ẹni tí yóò kúnlẹ̀ níwájú wà níbẹ̀, ẹni tí yóò di agbádá mú wà níbẹ̀, ẹni méjì tí yóò sunkún wà níbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ọjọ́rú ni wọ́n ń fi ṣe ìdánrawò lẹ́yìn ìjáde. Moyinọlá ni Aṣáájú Ẹ̀bẹ̀. Ohùn rẹ̀ ló fà á. Tó bá ti ní, "Bàbá wa, ta lẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀ fún," àwọn tó ń ta ọsàn lẹ́yìn ògiri á máa nu ojú. Olùkọ́ ọkùnrin kan yára bẹ̀bẹ̀ nígbà kan kí ọ̀rọ̀ Silas tó parí, ó sì ba adùn rẹ̀ jẹ́. Nítorí rẹ̀ ni Silas ṣe òfin kọkànlélógójì: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bẹ̀bẹ̀ kí Aṣáájú tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rú u, kúérì ni.

Ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ kan, Moyinọlá ń kọ ìṣirò sára pátákó, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í yí po lójú rẹ̀. Ó di pátákó mú. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó ṣubú ni wọ́n tó sáré pe Àlájà Rashidat.

Ní ọsibítù, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ti ru dé àádọ́wàá lé lókè ọgọ́fà. Dókítà bi í pé ìgbà wo ló sinmi kẹ́yìn. Moyinọlá la ẹnu láti sọ pé ó rẹ òun, ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò. Dókítà kọ oògùn fún un, ó ní oògùn oorun wà nínú rẹ̀, tó bá ti lò ó kó lọ dùbúlẹ̀. Ó sì kọ ìwé ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó wá fa Gàfárù, ọkọ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́.

"Ìyàwó rẹ gbọ́dọ̀ sinmi," ló wí fún un. "Tí kò bá sinmi, rọpárọsẹ̀ ni, tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Gàfárù máa ń tún kẹ̀kẹ́ Máruwá ṣe níwájú ilé wọn ní Makera, kì í ṣe ẹni tí nǹkan ń tètè bà lẹ́rù. Ẹ̀rù bà á lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni wọ́n bí, èyí tó kéré jù kò tíì mọ ọwọ́ fọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, Moyinọlá mú ìwé dókítà lọ bá Silas. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, dókítà ní kí n sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì."

Silas ka ìwé náà, ó yí i po, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Dókítà yìí, ṣé ó ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé rí?"

"Rárá sà."

"Ta ló wá fún un láṣẹ lórí ọmọ iṣẹ́ mi? Àǹtí Moyinọlá, jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀ bíi bàbá. Ìpàdé ẹgbẹ́ ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ìbéèrè kan ò ní ṣàì jáde níbẹ̀, tí ìbéèrè bá sì jáde, mo ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gba àga, n kò gba èásì. Olùdarí Títí Ayé ni wọ́n máa fi mí jẹ kí n tó padà. Ṣé ìgbà yẹn lo fẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Sà, ẹ̀jẹ̀ mi ló ń ru."

"Ẹ̀jẹ̀ tó ń ru yẹn gan-an ló ń mú ohùn rẹ dùn. Lẹ́yìn ìpàdé, màá fọwọ́ sí i, màá tún fi ọjọ́ kan lé e. Ẹni tí kò bá sì wá lọ́jọ́ náà, kó má padà síbí mọ́."

Moyinọlá dúpẹ́, ó padà sí kíláàsì. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ọ, inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í fo oògùn rẹ̀, torí tó bá lò ó láàárọ̀, oorun á gbé e ṣubú níwájú ọmọ méjìléláàádọ́rin, kò sì sí àga tó máa jókòó sí.

Gàfárù ní tirẹ̀ mú ìwé dókítà náà, ó gba ilé Alága ẹgbẹ́ lọ. Alága wa ni Alhaji Abdulraheem, tí ń ta táyà. Kaduna ni wọ́n bí i sí, Hausa sì máa ń já wọ inú Yorùbá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn.

"Haba," ni Alhaji wí nígbà tó ka ìwé náà tán. "Ìwé dókítà ló kọ̀? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mú ìwé yìí wá sípàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè, èmi fúnra mi ni màá bi Silas."

Ọjọ́ Àìkú pé. Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kún. Silas wọlé, ó bọ̀ wá lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, agbádá rẹ̀ nìkan gba àga méjì. Àwọn olùkọ́ jókòó síwájú bí ètò ẹ̀bẹ̀ ṣe tò wọ́n, Moyinọlá níbẹ̀rẹ̀, Gàfárù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ilé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Gàfárù ti fàáké kọ́rí pé wọn kò ní jáde àfi tó bá lo oògùn rẹ̀ níṣojú òun. Ó sì ti lò ó. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń gba ojú fèrèsé wọlé, gbogbo wa pàápàá ló ń tòògbé díẹ̀díẹ̀.

Pásítọ̀ kan fi àdúrà ṣí ìpàdé. Alhaji gbé ìwé náà sókè.

"Ọ̀gá Silas, wọ́n ní dókítà ní kí olùkọ́ kan sinmi, ẹ ò sì fọwọ́ sí i. Kí ló dé?"

Silas dìde. Ó tún agbádá ṣe ní èjìká ọ̀tún, ó tún un ṣe ní èjìká òsì, ó wo òkè àjà fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń pè láti ibẹ̀.

"Alága, ẹ̀yin àgbààgbà, ẹ̀yin olólùfẹ́ ìmọ̀," ló bẹ̀rẹ̀. "Ìtàn yóò gbọ́ pé wọ́n fi bébà lásán bi èmi léèrè. Èmi tí mo bá ilé-ìwé yìí nínú òkùnkùn, tí mo fi ara mi ṣe àbẹ́là. Mo sun ara mi níwájú, mo sun ara mi lẹ́yìn, kí ẹ lè ríran. Ṣé ẹ̀san rẹ̀ nìyí? Olùkọ́ tèmi kì í ṣàìsàn. Àìsàn ń bẹ̀rù mi. Ó dáa. Ẹ wá ẹlòmíràn. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀."

Ó ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Ó jókòó, ó kọjú sí ògiri, ó fi ọwọ́ kan bojú bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń retí.

A retí pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo àwọn olùkọ́ yí ojú sí Moyinọlá. Moyinọlá ti sùn. Ó gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀, ó ń mí bíi ọmọ ọwọ́. Oorun ọjọ́ mẹ́wàá ló pa pọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà.

Àlájà Rashidat fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ti dìde dé ìdajì kó tó rántí òfin kọkànlélógójì, ló bá rọra padà jókòó. Mo bi í lẹ́yìn náà bóyá òfin ló rántí lóòótọ́. Ó ní òfin ni òfin.

Akọ̀wé wa, Ìbíyínká, ọmọbìnrin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀, gbé báírò sókè. "Alága, ṣé kí n kọ ọ́?"

"Ṣé o gbọ́ ohun tó sọ?"

"Mo gbọ́, sà."

"To. Kọ ọ́."

Silas gbọ́ bí báírò ṣe ń rìn lórí ìwé. Ó ṣí ojú kan láàárín ìka. "Mo ní mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ o," ló tún wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sókè gidi.

Gàfárù fi ìka lé ètè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ rọra. Ó ń sùn."

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ọkùnrin kan ní òun dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan ní òun gbè é lẹ́yìn. Síbẹ̀, àgbà ni Alhaji Abdulraheem, kò fẹ́ kó dà bíi pé a ti ènìyàn jáde. Ó yí sí Silas, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bi í.

"Ọ̀gá Silas, ṣé bẹ́ẹ̀ ni ẹ sọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ níbí yìí gbayawu. Ká ní ọkùnrin yìí ní, "Rárá, inú ló bí mi," à bá rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kọ̀ kí wọ́n tó gbà, Silas kò sì jẹ́ fo ìkan nínú adùn rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ," ló wí.

"Ṣé ẹ rò ó dáadáa?"

"Mo rò ó."

"Ṣé ẹ ò ní padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yín?"

"Láéláé. Ẹ má bẹ̀ mí."

"A ò tíì bẹ̀ yín, sà," ni Ìbíyínká wí jẹ́jẹ́, ó sì kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Silas wá gbé ojú sókè tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ń dúró de ìgbà kẹrin. Alhaji kò béèrè lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó mi orí. "To, shi ke nan, ó ti parí. Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mé jẹ.' Àáfà, ẹ fi àdúrà pa ìpàdé dé."

Àáfà gbàdúrà. Ó ní kí Ọlọ́run san Ọ̀gá Silas lẹ́san iṣẹ́ tó ti ṣe, kí Ó bá a lọ síbi tó ń lọ, kí ọ̀nà rẹ̀ là. Ara ẹni kì í gbàgbé ohun tó ti mọ́ ọn lára: àmín Silas ló ròkè jù nínú gbọ̀ngàn. Ìgbà tó pa ẹnu dé ló tó yé e.

"Alága, ọ̀rọ̀ kan kù," ló wí.

"A ti gbàdúrà, Ọ̀gá," ni Alhaji dá a lóhùn. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀ nínú ẹgbẹ́ wa pé ohun tí àdúrà bá ti pa dé, ẹnikẹ́ni kì í ṣí i.

Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti ní kí Àlájà Rashidat di ipò mú. Ìwé àkọ́kọ́ tó fọwọ́ sí ni ìwé Moyinọlá. Kò jókòó kó tó fọwọ́ sí i. Gàfárù ká ìwé náà sápò, ó gbé ìyàwó rẹ̀ dìde, ó sì ń tì í lẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ lọ sídìí kẹ̀kẹ́.

Ní ọjọ́ Ajé, Silas wẹ̀ ní kùtù, ó wọ aṣọ, ó jókòó sí pálọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò kíréètì kan fún àwọn tó máa wá bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ó ní kí wọ́n ṣí gééètì, bóyá àwọn ènìyàn kò mọ ilé. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọlé, ẹni tí ń ka mítà iná. Wọ́n fún un ní ọtí kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Silas wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Makera. Ó bá Gàfárù lábẹ́ ẹ́ńjìnnì níwájú ilé.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni Gàfárù wí, ó ń nu ọwọ́.

"Gàfárù, ìyàwó rẹ ńkọ́?"

"Ó ń sùn, sà."

"Bá mi jí i. Ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ kó bá mi bẹ̀. Ohùn ti ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa gbọ́."

"Wọ́n ní ká má jí i, sà."

Silas wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyanrìn tí ọ́ìlì ti bà jẹ́, pẹ̀lú agbádá. Mo fẹ́ sọ fún yín pé inú Gàfárù dùn, ṣùgbọ́n irọ́ ni. Àánú rẹ̀ ṣe é. Ó fà á dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò láyà rẹ̀, ó sì fi ìwé ìsinmi náà hàn án, ibi tí Àlájà Rashidat fọwọ́ sí.

"Ó ku ọjọ́ méjìlá, sà," ló wí.

"Ṣé mo lè dúró dè é? Ó máa jí láìpẹ́."

"Bẹ́ńṣì wà níbẹ̀. Ẹ ṣáà má sọ̀rọ̀ sókè."

Silas jókòó. Gàfárù padà sídìí ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó lọ kírun àsárì, ó dé, ó bá Silas níbẹ̀. Moyinọlá fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun jí lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án náà, òun gbọ́ ohùn Silas lábẹ́ fèrèsé, òun mọ ẹni tó ni ín dájú. Ó ní òun wá yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, òun sì tún sùn lọ.